Ewé Ìkẹyìn Nínú Ìwé Bàbá Alfa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti bàbá mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ó ń dùn mí bíi pé àná ni.

Tudun Wada nílẹ̀ Hausa níbí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ni bàbá tiwọn, ará Ìlọrin. Bàbá Alfa la máa ń pè wọ́n nílé. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, lórí bí oníṣòwò ṣe lè máa tajà láìrẹ́ni jẹ. Wọn ò rán ewé rẹ̀ pọ̀ o, ó kàn wà lórí ara wọn nínú àpò awọ ni. Bàbá mi ṣì kéré nígbà tí Bàbá Alfa kú, bẹ́ẹ̀ ni kéwú bàbá mi ṣe dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi dàgbà.

Nígbà tí òrùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bàbá mi kó ìwé náà fún ilé-ìkàwé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ló sọ fún wọn pé ewé ìkẹyìn kò sí. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn alfa ìgbà yẹn máa ń kọ orúkọ wọn sí, tí wọ́n á sì ṣàdúrà fún ará ilé wọn.

Ní báyìí, ojú bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n lọ béèrè bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú Bàbá Alfa da ìwé náà kọ, bóyá ìparí rẹ̀ wà nínú ìyẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ kí àwọn tó kú. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn tí kò ní lọ?

Mo pọn ọmọ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìkàwé náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọmọ ọwọ́ kì í wọlé. Mo fi Hausa bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà! Malam tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà ló jáde, ó yẹ ẹnu ọmọ wò, ó ní kò tíì ní eyín púpọ̀, eku tí àwọn ń bá jà nínú ilé yẹn burú jù ú lọ. Ó jẹ́ ká jókòó.

Ó wá gbogbo àpótí. Kò sí ẹ̀dà kankan.

Ó wá gbé ti Bàbá Alfa fúnra wọn jáde, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, mo ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé nítorí ewé tí a kò rán, ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ewé tó tẹ̀ lé e máa fi bẹ̀rẹ̀ sí, kó má baà dàrú. Ní ìsàlẹ̀ ewé tó gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà dá wà níbẹ̀, ewé tó ń pè kò sí. Ohun tí wọ́n kọ ni, "Ìwọ ọmọ mi."



Nígbà tí mo délé, mo jíṣẹ́ fún bàbá mi. Inú bí mi, mo ń bú ẹni yòówù tó sọ ewé yẹn nù, pé aláìnírònú ni. Bàbá mi jẹ́ kí n bú u tán. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mu ún."

Wọ́n ní giri ló mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo le gbagidi lọ́wọ́ ìyá mi, òjò ti gé ọ̀nà ọsibítù. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fọ tàdáwà ọ̀rọ̀ mímọ́ sínú omi fún aláìsàn mu, ohun tí à ń pè ní hántù. Kò sí alfa nítòsí tó lè kọ ọ́. Bàbá mi kó sí àpò awọ, wọ́n fa ewé tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà yọ, wọn ò mọ̀ pé ìkẹyìn ni, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú abọ́. Ṣé omi yẹn ló wò mí, àbí giri náà kàn lọ fúnra rẹ̀? Mi ò mọ̀.

Mo bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún gbé ọ wá báyẹn, màá tún fọ̀ ọ́."

Mo wo ọmọ mi tó ń sùn lẹ́yìn mi. Tó bá jẹ́ èmi ni, gbogbo ìwé yẹn ni ǹ bá fọ̀.

Mo ṣí ohùn Malam fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé "Ìwọ ọmọ mi," fóònù dákẹ́. Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n ní, "Bàbá, mo ń gbọ́ yín."

Mo lọ sí bákìyáàdì lọ sunkún.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká bi àwọn òbí wa léèrè ọ̀rọ̀ ká tó bínú. Tí ìwé àgbà bá wà nílé yín, ẹ yà á ní fọ́tò lónìí. Tí giri bá sì mú ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré gbé e lọ ọsibítù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nínú àpò awọ ilé yín? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá kéwú ní Tudun Wada láyé àtijọ́, tí ẹ sì ní ìwé tó dá lórí ọjà títà, ẹ bá mi wo ìparí rẹ̀. Bàbá mi ṣì ń retí.