Òrùlé Yàrá Bàbá

Nígbà tí ìjì oṣù kẹta ọdún 1991 ṣí òrùlé ilé tó kọjú sí tiwọn, Mobọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù Ìdí-Àràbà. Nígbà tó fi máa dé, páànù ilé náà ti há sórí wáyà iná, àwọn ọmọ ilé sì ń sá ìwé wọn sóòrùn. Wọn ò sunkún. Ìyá wọn jókòó sórí àpótí ìdáná láàárín yàrá, ó ń wo ojú ọ̀run láti inú ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ara Mobọ́lá kò ti balẹ̀ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, á dìde, á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbé orí sókè. Ní wọ́ọ̀dù, bó bá ń fún aláìsàn ní oògùn lọ́wọ́ tí fèrèsé sì gbá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn pé Sísítà ń retí àlejò láti òkè.

Ilé àwọn Mobọ́lá wà ní Súrùlérè, kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí. Bàbá wọn ló kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ló kú sí. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Mobọ́lá ni àkọ́bí. Opó ni, ó sì ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Akínọlá ló tẹ̀ lé e. Òun nìkan ni ọkùnrin, torí náà òun ni dáwódù, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lucy ni àbíkẹ́yìn. Ó ti bá ọkọ lọ sí Yaba, ó fi ayálégbé sínú yàrá tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pín yàrá fún wọn. Yàrá bàbá nìkan, tó wà láàárín ilé, ni wọn ò pín. Wọ́n tì í, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Kò sẹ́ni tó ń mú un.

Bí páànù ṣe ń gbó, kálukú ń tún orí yàrá tirẹ̀ ṣe. Akínọlá ló kọ́kọ́ kan tuntun. Ó gbé e ga díẹ̀ kí omi má baà dúró. Lucy tẹ̀ lé e. Mobọ́lá ṣe tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró ní òdìkejì títì á rí páànù tuntun lápá mẹ́ta, á sì rí àtàrí ilé tó ti dípẹtà, tí ìka lásán lè dá lu. Páànù tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ rà nìyẹn. Omi orí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ló ń ṣàn sí.

Kì í ṣe pé wọn ò rí i. Ẹni tó bá kan ìṣó síbẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ gba yàrá. Nígbà ọdún Kérésì kan, Lucy gbá inú rẹ̀, ó sì gbàgbé àpótí aṣọ kan síbẹ̀. Ó pẹ́ títí kí Akínọlá tó tún kí i. Láti ìgbà náà, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yàrá náà, òjò sì ń wọ inú rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń gba ìtọ́jú ní wọ́ọ̀dù ló sọ fún Mobọ́lá pé èèyàn lè ra ínṣọ́ránsì fún ilé. Pé bí ìjì bá ṣí i tàbí tí iná bá jó o, iléeṣẹ́ adójútòfò á gbé owó àtúnkọ́ kalẹ̀. Mobọ́lá ní kó tún un sọ. Lọ́jọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí ọ́fíìsì kan ní Yaba. Wọ́n bi í bí òrùlé ṣe rí. Ó ní òmíràn ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n ní àwọn á rán ẹni tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ínṣọ́ránsì tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò yẹn ni ti ọkọ̀, ìwé tí awakọ̀ máa ń nà sí ọlọ́pàá.

"Àǹtí," Akínọlá sọ, "ṣé ẹ fẹ́ máa wa ilé yìí lọ sí Ìdí-Àràbà ni? Ọlọ́pàá wo ló máa dá a dúró?"

Lucy rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìró rẹ̀ mú. Mobọ́lá dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó ní ìyá ilé tó kọjú sí tiwọn náà ń rẹ́rìn-ín ní oṣù kejì, kí ìjì tó dé. Akínọlá wá ní kí wọ́n máa bọ̀ wá wò ó, bí kò bá ti ní ná òun ní kọ́bọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì ni wọ́n rán wá. Ó tínrín, ó so táì, ó mú agboòrùn ńlá dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn. Ó dúró pẹ́ lódìkejì títì kó tó wọlé. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, ó mú un, ó ṣí yàrá bàbá. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mí sínú. Àlejò ni, kò mọ̀.

Àjà ti já lu ilẹ̀ lápá kan. Oòrùn ń yọ láti ojú ihò páànù, ó sì tò sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì gun àga, ó fi bírò gún igi òrùlé. Bírò wọlé.

"Ta ló ni yàrá yìí?"

"Ti bàbá wa ni," Akínọlá dáhùn.

"Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti kú."

"Ta ló wá ni ín?"

Ayálégbé Lucy tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ ìdáhùn.

Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé fún wọn. Iléeṣẹ́ àwọn kì í gba òrùlé lápá kan kó fi apá kan sílẹ̀. Ibi tí igi bá ti rà ni ìjì ń gbà wọlé, bó bá sì wọlé tán, á kó tuntun mọ́ ògbólógbòó. Bí wọ́n bá tún àárín yẹn ṣe, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun kí òjò tó pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́.

Akínọlá ní òun á ronú sí i. Lucy ní ohun tí àwọn méjèèjì bá sọ lòun náà máa sọ. Ojú ọ̀run sì ń ṣú lálaalẹ́, á ṣú, á túká. Mobọ́lá ń bá a ṣú, kò bá a túká. Ó máa ń ká aṣọ lórí okùn wọlé, á tún un sá, á tún ká a. Nígbà tí àjọ kàn án, ó fi ra páànù àti igi, ó sì lọ bá Sàlíhù, káfíńtà kan ní Mushin. Sàlíhù bi í bóyá ẹbí ti fọwọ́ sí i. Ó ní òjò ti fọwọ́ sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí Akínọlá wà níbi iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa di ọ̀sán, páànù bàbá ti wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀dì bàbá sì wà lábẹ́ ojú ọ̀run gbalaja. Akínọlá ti iṣẹ́ dé bá wọn bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gun orí bàbá mi?"

Sàlíhù ò jiyàn. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé òòlù sórí pákó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó ní òun kì í kan ìṣó láàárín ìjà ẹbí. Ilé kan wà ní Mushin tí ìṣó tí òun kàn síbẹ̀ ṣì ń gbé òun lọ sí kóòtù.

Ayálégbé sáré lọ pe Lucy. Kí Lucy tó dé, ojú ọ̀run lápá Yaba ti dúdú. Akínọlá ń rìn yí ilé po. Ó ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á kan ìṣó lónìí, wọ́n á ta kọ́tìnì lọ́la. Mobọ́lá bi í pé bó bá jẹ́ tirẹ̀, kí ló dé tó fi í sílẹ̀ fún òjò. Akínọlá ní òun ò lè fi owó òun kan òrùlé kí ẹni mẹ́ta wá pín abẹ́ rẹ̀. Lucy ní kí wọ́n kọ́kọ́ bo bẹ́ẹ̀dì náà. Kò sẹ́ni tó bò ó. Afẹ́fẹ́ dé, ògbólógbòó páànù tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò.

"Akínọlá," Mobọ́lá sọ, "mi ò fẹ́ yàrá. Òrùlé ni mo fẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ kí Sàlíhù gbọ́."

Sàlíhù wolẹ̀. Inú yàrá náà ni wọ́n bí Mobọ́lá sí. Ó mọ̀ pé ọmọ ni òun náà, pé bó bá dé kóòtù, wọn ò ní yọ òun kúrò. Ó wo òkè.

"Yàrá bàbá kì í ṣe tèmi," ó sọ. "Ohun tí mo ná síbẹ̀, mi ò ní torí rẹ̀ bèèrè nǹkan kan lọ́la."

Lucy kọjú sí ògiri. Sàlíhù mu omi rẹ̀ tán, ó gun òkè. Páànù tó gbẹ̀yìn lòjò bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì padà wá, ó tún fi bírò gún igi. Bírò ò wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lórúkọ ẹni tó fẹ́ ra ínṣọ́ránsì. Mobọ́lá dárúkọ ara rẹ̀. Akínọlá wúkọ́. Ó ní yàrá àárín kì í ṣe ti àǹtí òun, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí.

Ọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní èèyàn ò lè ra ínṣọ́ránsì lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jóná, kí ló pàdánù? Láìsí àárín yẹn sì rèé, kò sí òrùlé tí òun lè gbà. Ẹni tó ni ín ni kó fọwọ́ síwèé. Ẹni náà ni yóò máa san tirẹ̀ lọ́dọọdún, òun ni yóò sì máa bójú tó òrùlé ibẹ̀, torí bó bá jẹ́ kó tún bàjẹ́, iléeṣẹ́ ò ní dáhùn.

Gbogbo wọn wo Akínọlá.

"Dáwódù," Lucy sọ, "ẹ̀yin la ń dúró dè."

Akínọlá bèèrè bóyá wọ́n lè fi orúkọ bàbá sí i. Ọkùnrin náà ní òkú kì í san owó. Akínọlá fọwọ́ ra orí. Ó bèèrè bóyá lọ́dọọdún náà ni lóòótọ́. Wọ́n ní lọ́dọọdún ni. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ó sọ.

"Yàrá àárín ńkọ́?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni."

Mobọ́lá lè sọ pé òun ti sọ̀rọ̀ tán níwájú Sàlíhù. Ó lè jẹ́ kí Akínọlá dá a gbé. Ó jókòó, ó ń wò ó, títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Akínọlá. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè ti àwọn tó kù.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Mobọ́lá ń múra iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kò mọ ìgbà tí Akínọlá ṣí yàrá bàbá. Ó kàn rí i tó dúró sínú rẹ̀, tó gbé etí sókè. Mobọ́lá dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, fìlà nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì."

Akínọlá fọwọ́ kàn án. "Ó gbẹ."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó gbẹ, Àǹtí. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́."

Mobọ́lá dé fìlà, ó ṣí agboòrùn, ó dé gọ́tà iwájú ilé. Ó dúró. Ó padà wọlé pẹ̀lú bàtà tútù, ó kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ògiri náà.