Ẹlẹ́rìí Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nílé

Mo rántí ìgbà tí mo ń wakọ̀ èrò láti Ifẹ̀ sí Ìpetumodù, tí mo máa ń fọ́nnu pé bí wọ́n bá fi aṣọ di ojú mi, màá wà á débẹ̀ láìfarapa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti gbéyàwó, yàrá méjì là ń gbé ní Òkèrèwè, ọkọ̀ náà sì jẹ́ tèmi fúnra mi. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé ọkọ̀ yóò rò pé èmi ni mo la ọ̀nà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé èrò mẹ́rin. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílùú ni, mo sì ń bá obìnrin tó jókòó síwájú sọ̀rọ̀ iṣu tó gbówó lórí. Ohun tí mo tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni koríko. Ọkọ̀ ti kúrò lórí ọ̀dà, ó ti wọ inú igbó, ó sì ti kú. Obìnrin náà ló na ọwọ́ darí rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní, “Dírẹ́bà, ojú rẹ là sílẹ̀. Mo ń pè ọ́, o ò dáhùn.” Mo ní oorun ló gbé mi lọ. Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ̀ láti padà wọlé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ wo èmi tí mo fẹ́ẹ̀ pa wọ́n, èmi ni mo tún ń bínú.

Ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì ṣáájú mi, láti gáréèjì ó dé etí ìyàwó mi. Kò pariwo. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí wa. Dókítà ọ̀dọ́kùnrin tí mo bá níbẹ̀ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní òun fura sí wárápá, ó fún mi lóògùn, ó sì ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Mo gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, wárápá ni kí èèyàn ṣubú lulẹ̀, kí itọ́ máa hó lẹ́nu rẹ̀. Èmi kò ṣubú rí. Mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá ní in, nítorí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, obìnrin kan wà ní agbo ilé wa tí wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, tí kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun. Mo lo oògùn náà fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń kùn mí lóorun, mo bá da ìyókù nù, mo sì ń sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lò ó.

Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ ní Ìlódè. Ká sọ òótọ́, ohun tí mo fẹ́ kó sọ ni pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ìyá mi gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.” Mo ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ dókítà kan kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n lọ bá òmíràn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má ṣe wá ẹni tí yóò purọ́ fún mi kiri.

Ẹni tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo ní kò sídìí tí èèyàn méjì yóò fi pàdánù iṣẹ́ òòjọ́. Mo ti to ìdáhùn mi sẹ́nu. Àgbà obìnrin ni dókítà kejì yìí, ó ti ń hewú. Ó ń béèrè, mo ń dá a lóhùn bí ọmọ tó há ìwé sórí. Nígbà tó yá, ó fi kálámù sílẹ̀.

“Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, níbo lẹ wà?”

Mo ní mo wà nínú ọkọ̀.

“Rárá. Ẹ ò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ayé, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò lè sọ bó ṣe rí fún mi. Ta ló ń bá yín gbé?”

Ó ní kí n mú ìyàwó mi wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú bí mi. Mo ti tò láti ìdájí, mo sì ń padà lọ́wọ́ òfo.

A jọ lọ. Nígbà tí dókítà yíjú sí i, ìyàwó mi kọ́kọ́ wo ojú mi bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, kó tó wá sọ̀rọ̀. Ó ní kò bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìpetumodù, ó ti lé lọ́dún kan. Ó ní, “Ọkọ mi á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹnu wọn á máa jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Wọn á máa fọwọ́ fa bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Tí mo bá pè wọ́n, wọn ò ní dáhùn. Kò ní pẹ́, wọn á padà dé. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé àwọn lọ síbì kankan.”

Dókítà bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní òun rò pé bí òun kò bá dárúkọ rẹ̀, yóò lọ.

Mi ò lè gbé orí sókè. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ti ń darúgbó láìtọ́jọ́. Àṣé àṣírí mi ló ń bò.

Wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ mi lórí káàkiri láti fi wo bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, dókítà ní ọmọdé dókítà tó kọ́kọ́ rí mi kò ṣìnà. Wárápá ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà tí kì í gbé èèyàn ṣubú. Ó ní kò sí ohun tó burú nínú àwòrán náà, ohun tí ìyàwó mi rí ni òun fi mọ̀ ọ́n, àìsàn yìí kì í ràn, ìyàwó mi lè bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà títí ayé. Mo jẹ́wọ́ oògùn tí mo dà nù. Kò bá mi wí, ó fún mi ní òmíràn, díẹ̀díẹ̀ la ó sì máa fi kún un. Mo wá béèrè ohun tó gbé mi wá.

“Ọkọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má wà á. Ìyẹn ò yí padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ layé yín parí sí.”

Mo sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lójú àwọn aláìsàn. Ìyàwó mi di apá mi mú, ó ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kí n wo ibi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tún ṣe mí lóṣù díẹ̀ sígbà náà, oògùn bá kápá rẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi, mo sì lọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí etí mi ti gbọ́ lára ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà wúlò níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo wà báyìí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí n kò ti lọ síbì kankan láàárín ọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, mo máa ń dárúkọ àìsàn náà fún un ní gbangba.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, a jókòó síwájú ilé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mò ń sọ ìtàn oníbàárà kan tó fẹ́ fi arúgbó ẹ́ńjìnnì lọ Èkó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìyàwó mi ti sùn lọ. Fún ọdún mélòó kan, n kò rántí ìgbà kankan tó gbé ojú kúrò lójú mi nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo ti máa ń rò pé ìtàn mi ló dùn, àṣé ó ń wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀ ni. Mo dá ìtàn náà dúró. Mo fa àga mi síwájú díẹ̀ kí oòrùn má baà pa á lójú, mo sì jókòó síbẹ̀, mò ń ṣọ́ ọ.