Ta Ló Rán Igbákejì Ọ̀gá Sínú Ikùn Ọkọ̀?

Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ wa ti kú. Ikùn ọkọ̀ ló kú sí, lórí ìtì igi tí a kó, ibi tí a sé pa ni, igi sì ti fa afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí níbẹ̀ tán. Iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kọ ìwé ìbánikẹ́dùn onílà mẹ́rin, wọ́n ní "òṣìṣẹ́ wa kan" wọlé láìgba àṣẹ. Òṣìṣẹ́ kan, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún lójú òkun.

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Mo jowú ọkùnrin yìí. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òkun, àmọ́ òun ló di igbákejì ọ̀gá, èmi wà ní ipò kẹta. Ìlà wúrà mẹ́ta ló wà léjìká rẹ̀, méjì péré ni tèmi. Nínú ọkọ̀, oyè la fi ń peni, oyè la fi ń jókòó jẹun. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, oúnjẹ a korò lẹ́nu mi. Èyí tó wá burú jù ni pé èèyàn dáadáa ni. Mo ṣìṣe lórí àwòrán ọ̀nà omi nígbà kan, òun ló bá mi tún un ṣe, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ta ni kò ní jowú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ afẹ́fẹ́ wò bàjẹ́ fún oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé sí yín. Ẹ ní kó ní sùúrù. Ṣé sùúrù lèèyàn ń mí sínú?

Láìgba àṣẹ kẹ̀? Mo wà níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kó lọ wo ẹrù kí a tó gúnlẹ̀, ó sì fèsì pé a ò tíì yẹ afẹ́fẹ́ wò.

"Ṣé ìwọ lọ̀gá ni àbí èmi? Wọlé lọ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òun jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, kò bọ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, wọ́n bi mí bóyá mo gbọ́ àṣẹ kankan. Mo ní n kò gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni iléeṣẹ́ gbé mi sórí àga olóògbé tí wọ́n sì fún mi ní ìlà kẹta. Ohun tí mo ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà mí kó má bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá olóògbé di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rẹ́ ẹ ò gbọ́ràn sọ́gàá ẹ̀ lẹ́nu?"

Ó gbọ́ràn, ìyá. Ìgbọràn ló pa á. Kí iléeṣẹ́ pa "láìgba àṣẹ" rẹ́ nínú ìwé wọn, kí wọ́n kọ oyè rẹ̀ síbẹ̀. Kí wọ́n pe ọ̀gá ọkọ̀ àti ẹni tó ní kó ní sùúrù jáde wá wí tẹnu wọn. Kí wọ́n pe èmi náà. Mo purọ́ fún olùwádìí, mo sì ti ṣetán láti sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú ìyá rẹ̀.