Ìwẹ̀ Jímọ̀ fún Ẹja Bàbá Mi

Ọjọ́ Sátidé ni ẹja máa ń kú nílé wa. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀ Sátidé tí mo gbọ́ tí bàbá mi ń pòṣé ní pálọ̀, mo ti mọ̀ pé a tún ti pàdánù ọ̀kan nìyẹn. Màmá mi á ti ilé ìdáná dáhùn pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni," á sì mú ṣíbí wá gbé òkú náà jáde. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Nígbà tí ojú mi fi máa là sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ku mẹ́ta.

Kí ẹ má baà rò pé olówó ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹja ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaró ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń tọ́jú yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dán sáyẹ́ǹsì wò. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Bàbá mi ń gbé Owódé, nítòsí ẹnubodè, ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà níbẹ̀, tó ń sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń wá kí wa ní Jímọ̀ méjì-méjì. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Dókítà ní bó bá tún fi ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ yẹn ò ní gbé e mọ́. Ni mo bá lọ gbé e wá. Ẹrù rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: àpótí aṣọ kan, àpótí dígí tí ẹja pupa mẹ́sàn-án ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, èyí tí oníbàárà rẹ̀ kan ní Kútọ́nù fún un, àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kó tó jókòó, ó ní kí n kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òun, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ọ.

Láràárọ̀, bó bá ti kírun Sùbúhì tán, á kọjú sí àwọn ẹja, á kí wọn lédè Faransé bíi ti àwọn oníbàárà rẹ̀, á ní, "Bọ̀njúù, ẹ̀yin tèmi." Á wá gbójú sókè wo kọ́kọ́rọ́.

"Ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn wọ̀nyí bá kú, mo ti ń lọ sí Owódé nìyẹn. Kí ló tún kù tí mò ń wò níbí?"

Ẹ̀rù máa ń bà mí bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kì í fi ìrìn àjò ṣeré. Yóò lọ, yóò gun àtẹ̀gùn yẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e bó bá ṣubú.

Ohun tó ń pa àwọn ẹja kò ṣòro láti rí, ojú mi ni kò kúkú fẹ́ rí i. Nílé wa, Jímọ̀ kì í bá ìdọ̀tí. Láti kékeré la ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá mi á fọ ilé, á fọ àga, á fọ ẹní ìkírun, á fọ bàtà ẹni tí kò tilẹ̀ ní jáde. Nígbà tí àpótí dígí dé, ó wọ inú ètò. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, á fi asẹ́ kó àwọn ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á da omi wọn nù pátápátá, á sì kó òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta. Á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bo òkúta náà, á ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, á sá a sórí páànù títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, á bu omi tuntun sí i. Dígí á máa dán gbinrin. Tó bá di Sátidé, ẹnìkan á ti sùn.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa tó mọ̀ nípa ẹja ló là mí lóye. Nígbà tí mo rojọ́ fún un, ó fi ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Ẹ ní ọṣẹ? Àwọn kòkòrò kan wà lára òkúta yẹn tójú ò lè rí, àwọn ló ń bá yín jẹ ìgbẹ́ ẹja. Bí ẹ bá ti fọ̀ wọ́n dànù, tí omi náà tún jẹ́ tuntun, májèlé ni ìgbẹ́ náà máa dà fún ẹja. Ẹ fi òkúta sílẹ̀ nínú omi, kí ẹ fa ìdọ̀tí nìkan jáde."

Mo délé, mo fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ká má fọ ilé ẹja tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ni."

"Ṣé òun náà kì í wẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èmi náà mọ ara mi, inú mi kì í pẹ́ ru. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jà nítorí ẹja? Mo pinnu pé bí mi ò bá lè gba Jímọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, màá wá ohun tí yóò fi ṣe Jímọ̀ tí ẹja ò ní kú.

Ọ̀gá yẹn ti fi fídíò ohun èlò kan tó ń fa ìdọ̀tí láàárín òkúta hàn mí lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo ní, ṣé èyí náà ni mi ò lè ṣe? Mo gé orí ìgò omi oníke, mo dojú ẹnu rẹ̀ sókè, mo ki páìpù gbọọrọ bọ̀ ọ́. Sí òkè páìpù, mo fi èyí tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ sí i, mo sì so ìbọ̀sẹ̀ kan mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ra rọ́bà dírípù tuntun lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ẹni tó bi mí léraléra pé ara ta ni kò yá. Mo fi ìṣó gbígbóná lu ìsàlẹ̀ páìpù, mo ki rọ́bà náà sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá gba inú rọ́bà wọ ìsàlẹ̀ páìpù, á máa hó gòkè, á máa fa omi lọ́wọ́ lọ, omi á sì fa ìdọ̀tí. Òkúta á fò díẹ̀, á tún jókòó nítorí ó wúwo. Ìdọ̀tí á bọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, omi á padà sínú dígí. Ẹja ò ní kúrò nílé.

Mo bẹ màmá mi ní Jímọ̀ yẹn pé kó ní sùúrù fún mi. Mo fa rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fún àwọn ẹja, èyí tó wà nílẹ̀. Mo tanná sí i. Omi hó! Ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo kígbe, bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ti nípọn jù, omi ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì, mi ò kà á sí. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ. Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, omi gba inú rọ́bà padà, ó wọ inú ẹ̀rọ lọ ràì. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ò dáhùn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja mẹ́ta gbé ẹnu sókè ń wá èémí. Kí n tó yá ẹ̀rọ oníbátìrì lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa, ọ̀kan ti lọ.

Màmá mi mú ṣíbí wá. "Ti Sátidé yìí," ó ní, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "ṣé èmi náà ni?"

Inú bí mi débi pé mo sọ páìpù náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ku méjì. Ojú mi ń lọ sára kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Màmá mi ló lọ ṣa páìpù náà. Ó ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ìbílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ó ń mi abọ́, ó ń da ìrẹsì pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ kejì, òkúta sì ń jókòó sísàlẹ̀. Ó wo páìpù, ó wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ohun tí o ń wá nìyí? Kí èyí tó wúwo jókòó, kí èyí tó fúyẹ́ bómi lọ? O ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. O kàn ń sọ kòkòrò, kòkòrò." Ó tú ìbọ̀sẹ̀ mi dànù, ó gé aṣọ tó fi ń sẹ́ ògì, ó rán an ní àpò. "Ìbọ̀sẹ̀! Ta ló ń fi ìbọ̀sẹ̀ sẹ́ nǹkan?"

Bàbá mi náà ní kí n gbé páìpù wá kí òun wò ó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ọjà wò. Ó ní kí n pe àbúrò òun ní Owódé, kó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ kan rán awakọ̀ sí wa.

"Pọ́ǹpù yẹn ní awọ nínú," ó ní. "Afẹ́fẹ́ tó bá ti jáde ò lè padà. Omi náà ò ní lè padà. Kò sì bá àwọn oníná ní àdéhùn kankan."

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jókòó sórí àga, ó ń fẹ́ pọ́ǹpù. Màmá mi di páìpù mú, ó ń tọ òkúta láti igun dé igun.

"Dúsúmáà, rọra, Ìyá àwọn ọmọ," bàbá mi ń wí, "má ki í mọ́lẹ̀."

"Ẹ fẹ́ tiyín, Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n fọ tèmi."

Nígbà tí màmá mi tú àpò ògì náà wò, tó rí ẹrẹ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹja dọ̀tí tó báyìí. Mo jí ní Sátidé, mo dẹtí. N kò gbọ́ òṣé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, ẹja méjì ṣì wà. Ní Jímọ̀ kan tí màmá mi wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọ àpò ògì, mo jókòó ti bàbá mi. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé fífọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ wọ́n ló ń pa wọ́n?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó fún mi ti kìlọ̀ ní Kútọ́nù pé n ò gbọdọ̀ da gbogbo omi wọn nù láé."

Inú mi ru. "Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́!"

Kò wò mí. Àwọn ẹja ló ń wò. "Gbogbo ọdún tí mo lò ní Owódé, alágbàfọ̀ ló ń fọṣọ mi. Mímọ́ ni mò ń kó wálé, mímọ́ ni mò ń kó lọ. Ìyá rẹ ò rí nǹkan mi fọ̀. Jímọ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ó gbé dígí yẹn síta, ó káṣọ, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń kọrin. Ṣé kí n ní kó fi sílẹ̀ ni?"

"Ẹ sì ń sọ pé bí wọ́n bá kú tán, ẹ ó lọ."

"Bí wọ́n bá kú tán, kí ni yóò tún máa bá mi fọ̀?"

Omi lé ròrò sójú mi, mo sì ń bínú sí ara mi pé mo pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ ẹja.

Màmá mi wọlé, páìpù lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán tó tó tó. Ó ń wá ibi tí yóò gbé e kọ́ kó lè gbẹ, ó ń wo ògiri kiri. Bàbá mi na ọwọ́ sókè, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí ìṣó, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi fún awakọ̀ Owódé," ó ní. "Kó fún àbúrò mi."

Ó gba páìpù lọ́wọ́ màmá mi, ó sì fi kọ́ ìṣó náà.