Bí Mo Ṣe Ba Iṣẹ́ Rísì Jẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi ẹja yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lónìí.

Rísì ọmọ ọmọ mi ní kí n wá bá òun tẹ kọ̀ǹpútà wò, kí ọ̀gá ẹ̀ tó ti Igbóṣeré dé wá yẹ iṣẹ́ tó ṣe síbẹ̀ wò. PHP ni wọ́n ń pe èdè kọ̀ǹpútà tó fi ṣiṣẹ́ náà.

Mo ní, "Èmi tí mi ò mọ̀wé?"

Ó ní, "Ìdí ẹ̀ nìyẹn, Màmá. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló máa jẹ́ kí n rí ibi tó kù sí. Bó ṣe wù yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Orúkọ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ. Mi ò kọ nǹkan kan, mo kàn tẹ bọ́tìnì. Gbogbo ẹ̀ bá dàrú.

Mo ní ó máa bínú. Àfi bó ṣe dì mọ́ mi: "Ká ní iwájú ọ̀gá ló ti dàrú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé mo bà á jẹ́ ni àbí...

Háà, ọ̀gá Rísì rèé! Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó tì wá níbí, Rísì ṣì ń jẹun. (Ẹ má sọ fún un o, ó ṣì ń tún un ṣe ni!)