Aago Ọwọ́ Ìyá Télọ̀

Tí mo bá rí obìnrin tó ń fi etí ìró nu ojú aago ọwọ́ rẹ̀, ìyá télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Igbó-Elérin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwa ń wo aago ká má baà pẹ́ dé Ìyànà-Ìbà. Aago tiwọn, àkókò Kánádà ló ń kà, níbi tí ọmọ wọn obìnrin wà.

Oòrùn á ti wọ ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n á ṣì fi máa ránṣọ. Tí oníbàárà bá ní, "Màmá, ẹ tẹ máṣíìnì jàre, mo ń lọ sóde," wọ́n á wo aago, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀: "Jẹ́ kọ́mọ mi sùn díẹ̀ sí i." Tó bá dọ̀sán, wọ́n á gbé aago sẹ́nu: "Káàárọ̀, ọmọ mi." Ìgbà yẹn ni máṣíìnì á tó dún.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a rọ́ lọ kí i tariwotariwo. Màmá na aago sí wa: "Ẹ rọra o. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀."

A bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, òun náà kọ́ ló jókòó síbí yìí?"

A yíjú sí i. Ó ti sùn lọ lórí àga, abọ́ ògì lórí itan. Màmá rọra gbé abọ́ náà kúrò, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì mú abẹ́rẹ́ ọwọ́.