Ìwé Ìdúpẹ́ Tí Mi Ò Kọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Èbúté Mẹ́ta, mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì ń tọ̀ sílé síbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ìtìjú ń pa. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, yàrá kan ṣoṣo la ń gbé nínú ilé tí ayálégbé kún bámúbámú, ẹ̀yìn ilé kan náà sì ni gbogbo wa ti ń sá aṣọ. Ní kùtùkùtù ni màmá mi máa ń gbé ẹní mi lọ síbẹ̀, wọn á fi ìró wọn bò ó lórí okùn kí àwọn ọmọ ilé tó jí. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú atọ̀ọ́lé ń rí láyé ìgbà yẹn. Bí àwọn ọmọdé bá ká ọ mọ́ ọn, wọn á gbé ẹní rẹ lé ọ lórí, wọn á sì máa kọrin tẹ̀ lé ọ káàkiri àdúgbò.

Àǹtí kan ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tíṣà ni wọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́, wọn ò tíì lọ́kọ, wọ́n sì rẹwà lójú mi ju gbogbo obìnrin Èkó lọ. Àwọn ló ṣàkíyèsí pé mo kọ̀ láti bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ síbi ìpàgọ́, níbi tí a ó ti sun ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n mú mi wọ yàrá tí àwọn akọrin ti ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ní kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Mo sunkún títí, mo sọ ọ́.

Àǹtí gbá mi mọ́ra. "Gbọ́, ọmọ mi. Èmi, ìwọ àti Jésù nìkan ló gbọ́ ọ. Kò ní jáde."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, a máa ń kúnlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì nítorí tèmi. Ọlọ́run tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tó ń bínú sí ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà ìwàásù, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń fọ abọ́, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń pọnmi. Ó di ọjọ́ kan, mo jí, ẹní mi gbẹ. Ọjọ́ kejì, ó gbẹ. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo sáré lọ sọ fún Àǹtí, wọ́n sì jó yí mi ká.

Ìkórè àwọn ọmọdé ló tẹ̀ lé e. Ẹ mọ àṣà ìjọ wa: ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ á kọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí ọpẹ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé, òǹkàwé á kà á sókè, onítọ̀hún á sì jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọ̀kan bímọ, ọ̀kan gba ìgbéga níbi iṣẹ́. Mo jókòó nínú aṣọ funfun mi, mò ń ju ẹsẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ orúkọ mi, orúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e, ohùn òǹkàwé sì dún dé ẹnu ọ̀nà: "Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó wò ó sàn lọ́wọ́ títọ̀ sílé."

Mi ò lè dìde. Màmá mi fi gèlè bojú. Mo wẹ̀yìn, mo rí Àǹtí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, omijé ayọ̀ ń dà lójú wọn, wọ́n ń fọwọ́ pè mí pé kí n bọ́ síta wá jó. Àwọn ló kọ ìwé náà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, mo mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ǹ bá sá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí mo sá bá gan-an ló tú àṣírí mi.

Kí a tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orin ti gbòde: "Atọ̀ọ́lé o, ẹní rẹ dà?" Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ẹní mi ti tutù. Ó sì ń tutù bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì sí i.

Mi ò wọ yàrá yẹn mọ́. Àǹtí bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ń sá fún mi?" Mo ní, "Kò sí nǹkan, Mà." Mo bínú sí Ọlọ́run pàápàá, mo rò pé òun àti Àǹtí ló jọ gbìmọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni fi ẹjọ́ wọn sùn àfi òun náà. Nínú balùwẹ̀, garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo bá a jà. Mo ní, "O gbọ́ ìlérí yẹn, o wá dákẹ́." Bí ìjà náà ṣe di àdúrà, mi ò lè sọ. Ó ṣáà ń gbọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ẹní mi gbẹ, kò sì tutù mọ́. Mi ò kọ ìwé ìdúpẹ́ kankan.

Ọdún gorí ọdún. Àǹtí lọ́kọ, wọ́n bímọ, wọ́n darúgbó sí Sùúrùlérè. Lọ́jọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo sì lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn. "Ṣé o rántí ọjọ́ ìkórè yẹn? Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe fún Olúwa, òun ló dùn mọ́ mi jù." Ohun tí mo fi ọgọ́ta ọdún rù lọ́kàn, ayọ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé náà ni.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n sí mi létí, èyí tí àwọn ọmọ wọn pàápàá ò gbọ́. "Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jáde o. Ojú ń tì mí."

Ẹ̀yin á rò pé àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí. Rárá o. Ẹnu ló ń yún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tó ń pe Àǹtí ní Màmá bíi gbogbo ìjọ, dá mi dúró. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ lọ wo Màmá. Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fi sórí gúrúùpù wásáàpù wa kíá, ká lè máa gbàdúrà." Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré, mo ti gbẹ̀san. Mo la ẹnu, ohùn òǹkàwé ọjọ́ ìkórè sì dún padà sí mi létí.

Mo ní, "Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wọn."

Nírọ̀lẹ́, mo padà sí Sùúrùlérè, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Èmi, ẹ̀yin àti Jésù nìkan ni, Mà." Wọn ò rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ṣe àmín. Ibẹ̀ ni mo ti dárí jì wọ́n. Kì í ṣe pátápátá, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo lè mí dáadáa.

Láyé tiwa, ìjọ kan àti àdúgbò kan péré ló gbọ́ ìtìjú mi. Lónìí, ẹ̀ ń ya fọ́tò aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ̀ ń fi í ránṣẹ́ kiri, ẹ ní àdúrà lẹ̀ ń wá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín léèrè.

Àǹtí ti sùn nínú Olúwa báyìí, àwọn èèyàn ṣì ń bi mí ohun tó ṣe wọ́n. Àìsàn tèmi ni mo láṣẹ láti sọ, mo sì ti sọ ọ́ fún yín. Tiwọn ṣì wà láàárín àwa mẹ́ta.